Ṣé ẹkùn ṣì wà nínú igbó Èkìtì? Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó gun òkè

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ ìròyìn láti Ìgèdè-Èkìtì, ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń ka ojú ewé yìí, pàápàá àwọn agùnbánirọ̀ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Adó tó fẹ́ràn gígun òkè lópin ọ̀sẹ̀: "Ṣé kò séwu níbẹ̀? Ṣé ẹkùn ò ní í gbé wa?" Àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn kan sì ń bẹ̀rù lóòótọ́. Mo wá kó ìdáhùn rẹ̀ jọ sójú kan, kẹ́ ẹ lè fi í pamọ́ sórí fóònù yín, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ń múra ìrìnàjò.

Ìdáhùn kúkúrú nìyí: ẹkùn kọ́ ló yẹ kó máa bà yín lẹ́rù ní Èkìtì. Ejò ni, oyin ni, òkúta tó ń yọ̀ ni, ọmọ aráyé náà sì ni. Ẹ fara balẹ̀ ka èyí tó kù.

Ẹkùn wo là ń sọ gan-an?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún orúkọ ṣe, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú. Nílé ìwé, wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa pé ẹkùn ni tiger. Tiger ò gbé inú igbó Áfíríkà rí, ilẹ̀ Éṣíà ni ilé rẹ̀. Ẹranko tí àwọn baba wa ń pè ní ẹkùn, tí ara rẹ̀ rí tótòtó, tó ń gun igi, tó sì ń ṣọdẹ lóru, leopard ni. Ní ti àmọ̀tẹ́kùn, àríyànjiyàn ò tíì tán lórí rẹ̀. Àwọn kan ní leopard kan náà ni, àwọn mìíràn ní cheetah ni. Kìnnìún ní tirẹ̀ yàtọ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn ló fẹ́ràn, kì í ṣe igbó dídí bíi tiwa.

Cougar tí àwọn èèyàn wa ní California, Colorado tàbí Kánádà máa ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀, ẹranko mìíràn tún ni. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ló ń gbé, láti àríwá Kánádà títí dé ìsàlẹ̀ Chile. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ti iyanrìn, kò ní àmì tótòtó lára, kì í sì í bú ramúramù bíi kìnnìún. Màá padà sórí rẹ̀ nísàlẹ̀, torí mo mọ̀ pé àwọn òǹkàwé wa tó wà lókè òkun náà ń gun òkè.

Ṣé ẹkùn ṣì wà nítòsí wa?

Ó wà rí. Èdè wa gan-an jẹ́rìí sí i. À ń ki ọba ní ẹkùn, à ń pe alágbára ní ọmọ ẹkùn, a sì ń sọ pé bí ẹkùn bá ń yọ́ rìn, kì í ṣe ojo ló ń ṣe. Ní ìlú púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ọdẹ tó bá pa ẹkùn kò gbọdọ̀ gbé e lọ sílé ara rẹ̀. Ààfin ló ń gbé e lọ, torí ti ọba ni awọ ẹkùn. Ẹranko tí kò sí nítòsí kì í gba irú ààyè bẹ́ẹ̀ lẹ́nu èèyàn.

Lónìí, kò sí ẹ̀rí kankan tó dúró pé ẹkùn ń gbé, tó sì ń bímọ, nínú igbó Èkìtì. Ìdí rẹ̀ ò ṣòro. Ẹkùn kan ṣoṣo nílò igbó tó fẹ̀ tó ọ̀pọ̀ kìlómítà, tí ẹtu, ìgalà, túùkú àti ọ̀bọ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wo ọ̀nà tó gba Adó kọjá sí Ìyìn, Ìgèdè àti Arámọkọ: oko kòkó, oko ẹ̀gẹ́, ilé tuntun, ilé ìjọsìn, lẹ́yìn náà oko mìíràn. Igbó tó ṣẹ́ kù ti já sí wẹ́wẹ́. Ẹran tí ẹkùn ì bá jẹ, àwa la ti pa á tà létí títì. Bí oúnjẹ bá tán, olóúnjẹ á lọ, bí ọdẹ ò bá tíì pa á.

Ibi tí ẹkùn ṣì wà ní Nàìjíríà jìnnà sí wa. Ọgbà Gashaka Gumti, láàárín Taraba àti Adamawa, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní ilẹ̀ Benin, aládùúgbò wa, ọgbà Pendjari tó wà lókè lọ́hùn-ún ní kìnnìún àti ẹkùn. Ilé iṣẹ́ African Parks ló ń bójú tó o láti ọdún 2017.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé igbó tiwa ti ṣófo pátápátá o. Nínú igbó ọba tó wà ní Ìṣẹ̀-Èkìtì, ìnàkí díẹ̀ ṣì ń gbé. Ẹ̀yà ìnàkí tó wà níbẹ̀ jẹ́ èyí tí a kì í rí níbòmíràn àfi ní Nàìjíríà àti Cameroon. Ní igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, erin ṣì wà, níbi tí kò jìnnà púpọ̀ sí Èkó. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Èkó ò mọ̀ pé erin ń mí nítòsí wọn báyìí.

Ohun kan máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì máa ń dùn mí pẹ̀lú. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ṣí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Láti ìgbà náà, orí ọkọ̀ àti aṣọ iṣẹ́ ni ọmọ Èkìtì ti ń rí àwòrán ẹranko yìí. A lé e kúrò nínú igbó, a wá fi orúkọ rẹ̀ ṣọ́ igbó náà.

Fídíò "ẹkùn ti jáde" lórí WhatsApp

Bí fídíò bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ yín, ẹ bi ara yín léèrè nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, níbo ni wọ́n ti yà á? Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ bá ń sọ èdè tí kì í ṣe ti àdúgbò tí wọ́n dárúkọ, ẹ fura. Èkejì, ẹranko wo ni? Ẹtà ní àmì dúdú lára, ó sì máa ń jáde lóru, ṣùgbọ́n kò tóbi ju ajá lọ. Ọ̀pọ̀ "ọmọ ẹkùn" tí wọ́n ń gbé kiri, ẹtà ni. Ẹ̀kẹta, ṣé ipa ẹsẹ̀ wà? Ẹkùn, bíi ológbò ilé, máa ń ká èékánná rẹ̀ sínú bó bá ń rìn, nítorí náà èékánná kì í hàn nínú ipa rẹ̀. Ti ajá máa ń hàn.

Bó bá sì jẹ́ òótọ́ pàápàá, ẹ má kó èèyàn jọ láti lọ pa á. Ẹkùn wà lára àwọn ẹranko tí òfin Nàìjíríà dáàbò bò, láti ọdún 1985 ni òfin náà sì ti wà. Òwò awọ ẹkùn láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ àdéhùn CITES.

Ohun tó wà nínú igbó wa ní tòótọ́: ejò

Níbí ni kẹ́ ẹ ti jókòó dáadáa. Lọ́dọọdún, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe sọ, ejò ń pa èèyàn tó tó 81,000 sí 138,000 lágbàáyé. Nílẹ̀ Áfíríkà, àgbẹ̀ àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Lọ́dún 2017, àjọ náà fi oró ejò kún àwọn àìsàn tí ayé pa tì. Nínú ìwé ìpinnu tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2019, wọ́n ní àwọn fẹ́ dín ikú rẹ̀ kù sí ìdajì kó tó di ọdún 2030.

Àwọn tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ní agbègbè wa:

Paramọ́lẹ̀. Ó sanra, ó kúrú, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ewé gbígbẹ. Ewu rẹ̀ ni pé kì í sá. Ó gbà pé ẹ ò rí òun, ẹ sì lè má rí i lóòótọ́ títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ọká, tí òyìnbó ń pè ní Gaboon viper. Nínú gbogbo ejò ayé, òun ni eyín rẹ̀ gùn jù, ó lè tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń ṣe, ṣùgbọ́n bó bá bu èèyàn jẹ, ọ̀rọ̀ ti di ti ọsibítù.

Sèbé. Ó máa ń gbé orí sókè, ó sì lè tutọ́ oró síni lójú láti ibi tó jìnnà tó mítà méjì. Bó bá tutọ́ sí yín lójú, ẹ má fi ọwọ́ ra á. Ẹ fi omi mímọ́ púpọ̀ ṣàn án, kẹ́ ẹ sì lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Mamba. Orí igi ló ń gbé, aláwọ̀ ewé ni, eré rẹ̀ sì yá. Kì í ṣe gbogbo ejò aláwọ̀ ewé ló ní oró, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ yín láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ẹ ṣe máa rìn kí ejò má bàa bù yín jẹ: ẹ wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ àti ṣòkòtò gígùn, sílípáàsì kì í ṣe bàtà òkè. Ẹ máa lu ilẹ̀ níwájú pẹ̀lú ọ̀pá. Ẹ má fọwọ́ sínú ihò tàbí sábẹ́ òkúta tí ẹ ò rí inú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń fi ọwọ́ fa ara yín gun àpáta, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ọwọ́ ń lọ. Bí igi bá dábùú ọ̀nà, ẹ gun orí rẹ̀ ná, kẹ́ ẹ wo òdìkejì kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì.

Bí ejò bá bu ẹnìkan jẹ

1. Ẹ kúrò nítòsí ejò náà. Ẹ má lé e, ẹ má wá a kiri láti pa á. Bó bá ṣeé ṣe láti ya fọ́tò rẹ̀ láti òkèèrè, ó dáa. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi sílẹ̀.

2. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà jókòó tàbí kó dùbúlẹ̀. Ẹ bọ́ òrùka, aago àti bàtà ní apá tí ejò ti bù ú, torí ó máa wú. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti aṣọ gbé apá tàbí ẹsẹ̀ náà dúró kó má máa mì, bí ẹni pé egungun rẹ̀ ló ṣẹ́.

3. Ẹ má fi okùn dè é pinpin. Ẹ má fi abẹ sín in. Ẹ má fẹnu fa oró náà. Ẹ má fún un ní kẹrosíìnì tàbí ọtí mu. Okùn tó fún jù ti mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ èèyàn tí ejò fúnra rẹ̀ ì bá má ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

4. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ní kíá. Bí ẹni náà bá lè má fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ó dáa jù. Ẹ pọ̀n ọ́n tàbí kẹ́ ẹ wá ọ̀kadà. Láti Ìgèdè, ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó ló sún mọ́ jù. Ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì. Ẹ pè wọ́n lójú ọ̀nà, kẹ́ ẹ béèrè bóyá abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò wà nílẹ̀, kẹ́ ẹ má bàa dé ibẹ̀ tán kí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa lọ síbòmíràn.

5. Ẹ máa ṣọ́ àmì: ẹ̀jẹ̀ láti erìgì, ìpéǹpéjú tó ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ lẹ́nu, èémí tó ń nira. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ àti aago tí ejò bù ú jẹ fún dókítà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé, "Bàbá mi ní oògùn ejò, ó sì ń jẹ́." Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: ejò olóró lè bu èèyàn jẹ kó má tú oró kankan sí i lára. Ẹni bẹ́ẹ̀ ò ní í kú, ohunkóhun tí wọ́n bá fi pa á lára ló máa gba ìyìn. Èyí tó bá gba oró gan-an ni àkókò ń lọ mọ́ lórí. Bí ẹ bá fẹ́ lo ti bàbá, ẹ gbé e lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kó má jẹ́ ṣáájú.

Oyin, ajá àti omi

Oyin máa ń kọ́lé sínú pàlàpálá àpáta, irú èyí tó wà ní Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ àti ní òkè Ìdànrè. Ẹ má pariwo tàbí dáná lábẹ́ ilé oyin, ẹ má sì fín lọ́fínńdà lọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá ya jáde, ẹ sá lọ gbọnrangandan, ẹ fi aṣọ bo ojú àti imú, ẹ wọ inú ilé tàbí ọkọ̀ kẹ́ ẹ sì tilẹ̀kùn. Ẹ má dúró máa fọwọ́ lé wọn, ẹ má sì bẹ́ sínú odò: wọ́n máa dúró dè yín lókè omi. Ẹni tí ètè tàbí ọ̀fun rẹ̀ bá ń wú, ọsibítù ló ń lọ lójú ẹsẹ̀.

Bí ajá oko, ọ̀bọ tàbí ẹranko mìíràn bá gé yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún odidi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àmì dìgbòlugi bá ti yọ lára èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìwòsàn mọ́.

Ní Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò àti ní gbogbo ibi tí omi ti ń tú láti orí àpáta, ewé omi máa ń mú kí òkúta yọ̀ bí ilá. Bí òjò bá ń rọ̀ lókè, omi lè kún lójijì bí oòrùn tiẹ̀ ń ràn níbi tí ẹ dúró sí. Bí omi bá ṣàdédé dọ̀tí, ẹ jáde.

Bó bá jẹ́ pé ẹ pàdé ẹranko ńlá lóòótọ́

Èyí wà fún ẹni tó ń lọ sí Pendjari, Gashaka Gumti, tàbí tó ń gbé níbi tí cougar wà. Cougar kì í sábà kọlu èèyàn. Nígbà tí ó pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní California ní oṣù kẹta ọdún 2024, ó ti tó ogún ọdún tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn ní ìpínlẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ohun tó yẹ kó ṣe ló ń sọ ìtàn.

Ẹ má sá. Ẹranko tó ń ṣọdẹ, ẹni tó bá sá lójú rẹ̀ ti di ẹran. Ẹ má bẹ̀rẹ̀, ẹ má dùbúlẹ̀, ẹ má kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹ gbé ọmọdé mọ́ra láìtẹríba. Ẹ na ọwọ́ sókè, ẹ ṣí jákẹ́ẹ̀tì kí ara yín tóbi, ẹ fi ohùn líle sọ̀rọ̀, ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀, ẹ sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún un láti lọ. Pẹ̀lú cougar, ẹ tẹjú mọ́ ọn. Pẹ̀lú ẹkùn, àwọn amọ̀nà máa ń ní kí èèyàn má tẹjú mọ́ ọn, pàápàá bó bá wà pẹ̀lú ọmọ, torí náà ohun tí amọ̀nà yín bá wí ni kẹ́ ẹ ṣe. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá fò mọ́ yín, ẹ jà. Ọ̀pá, òkúta, àpò, ẹ fi lù ú lójú àti nímú, ẹ sì dáàbò bo ọrùn. Ẹ má díbọ́n pé ẹ ti kú.

Ọmọ aráyé

Mi ò lè kọ irú nǹkan báyìí kí n fo èyí. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì, Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn. Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n jí àwọn ọmọ ilé ìwé àti olùkọ́ gbé ní Ẹmùré-Èkìtì. Ní Pendjari pẹ̀lú, wọ́n jí arìnrìn-àjò ọmọ Faransé méjì gbé lọ́dún 2019, wọ́n sì pa amọ̀nà wọn. Nítorí náà:

Ẹ má dá lọ. Ẹ tó mẹ́rin ó kéré tán. Ẹ mú ọmọ ìlú tó mọ ọ̀nà dání, kẹ́ ẹ sì sanwó fún un dáadáa. Ẹ kí baálẹ̀ tàbí àwọn ọdẹ àdúgbò kẹ́ ẹ tó wọgbó. Yàtọ̀ sí pé ó jẹ́ ọmọlúàbí, àwọn ló mọ ibi tí wọ́n dẹ tàkúté sí àti ibi tí àjèjì ti ń rìn kiri. Ẹ wọ aṣọ tó hàn ketekete, kí ọdẹ má fi yín pe ẹran. Ẹ sọ fún ẹnìkan nílé ibi tí ẹ ń lọ àti aago tí ẹ máa dé. Ẹ má gbé fọ́tò sórí ayélujára títí ẹ ó fi padà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró lẹ́yìn òkè, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan.

Fún ẹ̀yin tí ilé yín wà létí igbó

Ilé tuntun ń wọ inú oko lójoojúmọ́ láti Adó títí dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ ro yàrá àti àyíká, torí ilẹ̀ tó kún fún pàǹtírí ló ń mú eku wá, eku ló sì ń mú ejò wá. Ẹ má to igi ìdáná ti ògiri. Ẹ dí ihò abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ sùn lábẹ́ àpò ẹ̀fọn, pàápàá bó bá jẹ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ ń sùn sí. Ó ń lé ẹ̀fọn, ó sì ń dínà fún ejò. Ẹ ti adìyẹ àti ewúrẹ́ mọ́lé lálẹ́. Ẹ má fi iná sun igbó láti lé ejò, torí inú ilé ni ejò tí iná lé ń sá sí.

Wọ́n ní ọmọ tí kò rí àjẹkù kìnnìún nínú igbó rí ló ń gbàdúrà pé kí ẹran bí ẹkùn ó pa òun. Ìran tiwa ò rí àjẹkù kankan mọ́, ni a ṣe ń fi sílípáàsì gun òkè. Bí ẹ bá ń lọ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà ọsibítù sórí pépà, ẹ wọ bàtà gidi, ẹ mú omi dání, kẹ́ ẹ sì fi orúkọ ibi tí ẹ ń lọ sílẹ̀ fún ẹni tó máa wá yín bí ilẹ̀ bá ṣú. Òkè Èkìtì dùn ún gùn. Ẹ lọ re, kẹ́ ẹ bọ̀ re.